Ère Tí A Ń Pè Ní Okùn

Kí àwọn ọmọ mi tó wọ bàtà lọ sí ilé ìwé, mo máa ń gbọn bàtà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ti dàgbà báyìí, àwọn náà ti ń ra bàtà fún ọmọ tiwọn, síbẹ̀ bí wọ́n bá wá sùn lọ́dọ̀ mi, mo ṣì máa ń jí ṣáájú wọn láti lọ gbọn bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ní, "Màámi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o." Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọn kò bèèrè ìdí rẹ̀ rí, èmi náà kò sì sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi nìkan láti sọ. Ìyá mi ló ru apá tó wúwo jù níbẹ̀. Wọ́n ti kú báyìí, Ìyá Àgbà ti kú, Bàámi náà ti kú. Mo rò pé mo lè sọ ọ́.

Ilé wa wà ní Agbowó, nígbà tí ilé àti igbó ṣì jọ pín ibẹ̀ lọ́gbọọgba. Bí mo bá dúró lẹ́nu kànga wa, òrùlé mọ́kànlá ni mo lè kà. Ìyókù, igi káṣú ni, àti ìpìlẹ̀ ilé tí koríko ti bò. Láàárọ̀, ladánì ni yóò kọ́kọ́ pè, kíá ni Ìyá Àgbà yóò gbé orin ìjọ sókè nínú yàrá wọn, bí ẹni pé wọn kò fẹ́ kí Mùsùlùmí kankan ṣáájú àwọn dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́ kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í han, àwọn lébìrà á máa gún búlọ́ọ̀kù, rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá nílé kejì á máa ké, maṣíìnì ìránṣọ Màámi á sì máa dá gbogbo wọn lóhùn láti yàrá iwájú. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Bàámi. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí wọn. Láti Ṣakí ni wọ́n ti wá bá wa gbé lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú. Àwa ọmọ jẹ́ méjì: èmi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti àbúrò mi Títílayọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọn omi kún ìkòkò kí n tó lọ sílé ìwé, kí n gbá àgbàlá, kí n ṣa ẹ̀wà, kí n sì máa wo Títí nígbà tí Màámi bá ń ránṣọ. "Ojú ẹ ni ojú mi lára ọmọ yìí," ni Màámi máa ń wí, wọ́n á sì fi ìka kan ojú mi kí n lè rántí.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí àsìkò òjò ń parí lọ, àwọn lébìrà Bàbá Ràsákì ń ṣán igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Aládùúgbò wa ni Bàbá Ràsákì, bíríkìlà tó ní ọkọ̀ ìjàpá àlòkù kan, tó sì lẹ́nu bí abẹ. Mo gbọ́ "Ejò! Ejò!", mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀rín. Wọ́n ti pa ọ̀kan tó tóbi, wọ́n wá ń jiyàn lórí ẹni tí yóò sè é. Nígbà tí wọ́n lọ jẹun ni mo lọ wo ibẹ̀. Lábẹ́ búlọ́ọ̀kù kan tó ti là sí méjì ni mo ti rí èyí tó kéré: ó ká jọ bí òṣùká, ó fi orí pamọ́ sí àárín, bí ọmọ tó ń fi ọwọ́ bo ojú kí wọ́n má baà rí i. Kò sá. Mo fi pákó kó o sínú garawa, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e wọlé. Di òní olónìí n kò lè sọ ohun tó gbé mi dédìí rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé wọ́n ti pa ìyá rẹ̀, àti pé àwọn tó pa á ń bọ̀ láti ibi oúnjẹ.

Bàámi wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní kí n mú rúlà wá, wọ́n wọ̀n ọ́n láti òkè láìfọwọ́ kàn án: ó gùn ju rúlà kan lọ díẹ̀. "Ère ni," ni wọ́n wí. "Wo orí rẹ̀, wo àwọ̀ ara rẹ̀. Ère kò lóró. Ńṣe ló máa ń fún ohun tó bá fẹ́ jẹ pa." Màámi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn, Títí wà léjìká wọn. "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ má sọ fún mi pé nǹkan yìí máa sùn nínú ilé tí ọmọ mi ń sùn sí." Bàámi ní àwọn fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àwọn ni, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn," ni Màámi wí. Ìyá Àgbà ló dá ẹjọ́ náà. Wọ́n jáde láti yàrá, wọ́n wo inú garawa, wọ́n sì tún ìró aṣọ wọn ró. "Nílé tiwa ní Ṣakí, a kì í pa ère. Mo ti ṣe ìrìbọmi, n kò bọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n n kì í pa ère. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí yóò fi lágbára láti lọ." Màámi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Obìnrin ilé kì í bá ìyá ọkọ jiyàn lójú ọmọ. Wọ́n padà sídìí maṣíìnì, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kíkankíkan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bàámi fi àpótí pákó tí ìwé ilé ìwé wá nínú rẹ̀ ṣe ilé fún un. Wọ́n kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lórí, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn kékeré sí i, mo sì ń gbé òkúta méjì lé ilẹ̀kùn náà. Yàrá ẹrù tí Ìyá Àgbà ń kó èlùbọ́ sí ni a gbé e sí. Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà ṣe: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní ejò nínú ilé. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, okùn là ń pe ejò. Ṣùgbọ́n ti Ìyá Àgbà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èyí ń bá wa gbé. Lójú tiwọn, nínú ilé wa, ilẹ̀ ti ṣú látàárọ̀. "Tí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ló máa gbọ́," ni wọ́n wí. "Àwọn ẹbí rẹ̀ tó wà níta náà létí." Báyìí ni ó ṣe di Okùn. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti fún Okùn lómi?" "Àbẹ̀kẹ́, gbé òkúta padà sórí Okùn." Bàbá Ràsákì á na ọrùn láti orí ògiri, á ní, "Tíṣà, gbogbo ọ̀rọ̀ ilé yín ni ejò ti lọ́wọ́ nínú o!" Ìyá Àgbà á dá a lóhùn pé, "Ẹnu ẹ ni kò ní jẹ́ kí ilé ẹ parí," a ó sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ títí yóò fi wọlé.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Bàámi gbé e lọ sí kíláàsì, wọ́n gbé e padà wálé, kò sì sí ẹni tó tún bèèrè ìgbà tí yóò lọ. Ohun tó ń dààmú mi ni pé kò jẹun. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọ́ sí. Ọmọ aláǹgbá: kò jẹ. Ọ̀pọ̀lọ́: kò jẹ. Ẹyin tí mo mú nínú agbọ̀n Màámi: kò jẹ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi kọ "kò jẹ" sínú ìwé yẹn. Nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tí ejò ṣe nínú ọgbà; mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó má ka ìyẹn sí èyí lọ́rùn, nítorí ọmọdé ni. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógójì, Ìyá Àgbà mú èkúté kan tí pàkúté wọn pa lẹ́bàá èlùbọ́, wọ́n so ó mọ́ orí igi, wọ́n sì ń mì ín díẹ̀díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó nà, ó gbá a mú, ó wé mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí àkọ́bí mi kọ ọmú fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rù ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ló padà wá bá mi, òun náà gan-an. N kò sọ fún nọ́ọ̀sì pé ejò ló kọ́kọ́ kọ́ mi bí a ti ń ṣọ́ ẹnu ọmọ.

Ọdún yẹn ni ẹnu Títí ń já gaara. Ó ń kó ọ̀rọ̀ mọ́ra bí adìyẹ ṣe ń ṣa àgbàdo, "okùn" sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó. Á jókòó níwájú àpótí, á ní, "Okùn, pẹ̀lẹ́. Okùn, ṣé o ti jẹun?" Bí mo bá gbé Okùn jáde, tí Màámi kò sí nítòsí, mo máa ń jẹ́ kí Títí fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Bí a bá gbé e, ó kàn ń ká ara rẹ̀ jọ ni. Lọ́jọ́ kan Títí rí okùn tí wọ́n fi so ewúrẹ́ Bàbá Ràsákì, ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní, "Okùn, kí ló dé tí wọ́n dè ẹ́?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Màámi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni wọ́n wí, "ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí mọ orúkọ ejò. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn sá fún un." Ìyá Àgbà ní, "Orúkọ rẹ̀ lo wá fẹ́ fi kọ́ ọmọ? Kọ́ ọ lórúkọ Jésù." Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Àṣálẹ́ ni, wọ́n ti mú iná lọ, àtùpà kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀, mo sì jókòó tì í, mò ń ṣa ẹ̀wà ọjọ́ kejì. Bàámi ń sàmì sí ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé wọn níta níbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì kù díẹ̀. Màámi ń gbé omi ẹ̀bà ka sítóòfù lẹ́yìn. Ìyá Àgbà wà nílé ìwẹ̀. Títí pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìkòkò omi wà. "Àǹtí, Okùn ti jáde o." Mo rò pé n kò gbé òkúta padà dáadáa. Mo rò pé bí Màámi bá rí i, yóò di ariwo. Ẹ̀wà wà lórí ẹsẹ̀ mi, mi ò fẹ́ kí ó dànù. N kò gbé ojú sókè. Mo ní, "Gbé e wá."

Igbe rẹ̀ kò gùn. Màámi ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e wá síbi àtùpà. Ojú ihò kékeré méjì wà lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń jáde. Bàámi wọlé pẹ̀lú bírò pupa wọn lọ́wọ́. "Kí ló bù ú jẹ?" Títí ní, "Okùn." Mo rí i tí èjìká Bàámi rọ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ni wọ́n wí fún Màámi. "Ère kò lóró. Ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́." Ìyá Àgbà jáde pẹ̀lú ọṣẹ lára, wọ́n ní ẹ̀rù ló ba Okùn, pé yóò ti rò pé ọmọ náà fẹ́ tẹ òun mọ́lẹ̀. Wọ́n ń wẹ ọwọ́ rẹ̀. Mo gba yàrá ẹrù lọ kí n lè mọ ibi tí ó gbà jáde. Òkúta méjèèjì wà níbi tí mo gbé wọn sí. Nẹ́ẹ̀tì kò ya. Mo gbé àbẹ́là sún mọ́ ọn: ó wà nínú, ó ká jọ, ó fi orí pamọ́.

Ó yẹ kí n ké. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń gbé ara mi padà sí yàrá yẹn, tí mo ń ké. Ṣùgbọ́n ohun tó wá sí ọkàn mi ni pé bí mo bá sọ pé òmíràn ni, wọ́n á bèèrè bí ó ti dé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á sì mọ̀ pé èmi ni mo ní kí ó gbé e wá. Mo padà sí pálọ̀, mo dúró ti ògiri. Mo mọ bí mo ti dúró pẹ́ tó, nítorí nígbà tí mo padà dé, omi ẹ̀bà kò tíì kùn. Ó kùn. Ó hó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sórí sítóòfù, kò sì sí ẹni tó lọ gbé e kalẹ̀, nítorí Màámi ń wo ọwọ́ Títí. Ó ti wú dé ọrùn ọwọ́. Títí kò sunkún mọ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló là mí lẹ́nu. Mo ní, "Bàámi, Okùn wà nínú àpótí."

"Okùn wo?" Ọkàn wọn kò sí lọ́dọ̀ mi. "Okùn kí lò ń sọ, Àbẹ̀kẹ́? Lọ gbé omi kalẹ̀." Mo tún sọ ọ́, wọ́n tún ní kí n lọ gbé omi kalẹ̀. Ìgbà náà ni mo pariwo rẹ̀, nínú òkùnkùn, níṣojú Ìyá Àgbà: "Ejò! Ejò wa wà nínú àpótí! Ejò mìíràn ló bù ú jẹ!"

N kò rí kí Bàámi sáré rí títí di ọjọ́ yẹn. Bàbá Ràsákì fo ògiri wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti igi, ó sì rí i lẹ́yìn ìkòkò omi: paramọ́lẹ̀, kúkúrú, ó sanra. Lójú ọmọdé, nínú òkùnkùn, kò yàtọ̀ sí tiwa. Ó pa á, Bàámi fi ìwé ìròyìn wé e kí àwọn dókítà lè mọ ohun tí wọ́n máa wo, gbogbo wa sì rọ́ sínú ọkọ̀ ìjàpá náà. Láti Agbowó dé ilé ìwòsàn, Bàbá Ràsákì tí kì í dákẹ́ kò sọ nǹkan kan ju "Lá ìláhà ìlàllàhù" lọ. Ìyá Àgbà ń gbàdúrà tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gún Títí ní abẹ́rẹ́ oró ejò. Dókítà bi Bàámi ní ìgbà tí ó ti bù ú jẹ. Bàámi sọ fún un, dókítà sì wo aago rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màámi àti Títí lò níbẹ̀. Ó yè. Ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e kò nà mọ́ láti ìgbà náà. Ọwọ́ òsì ló fi kọ́ ìwé kíkọ, ó sì kọ́ ọ dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ni Títí tó sọ̀rọ̀. Màámi jókòó lórí bẹ́ńṣì ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, aṣọ tí wọ́n wọ̀ láti ilé ló ṣì wà lọ́rùn wọn. Mo gbé ẹ̀kọ wá pẹ̀lú Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú, wọ́n fi oríkì pe Títí, wọ́n ní, "Àjọkẹ́ mi, kí ló mú ẹ lọ gbé e?" Títí ní, "Wọ́n ní n gbé e wá."

Wọ́n. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa ni. Kì í pe orúkọ ẹni tó jù ú lọ, kì í ní "ó". Wọ́n lè jẹ́ Bàámi. Ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. "Ta ni wọ́n?" ni Ìyá Àgbà bèèrè. Títí ti tún di ojú rẹ̀. Màámi gbé ojú sókè, wọ́n wò mí. Kò pẹ́ tó kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Mo yí ojú sí abọ́ ẹ̀kọ tó wà lọ́wọ́ mi. "Èmi ni, mà," ni Màámi wí. "Mo wà nídìí sítóòfù. Mo rò pé okùn kànga ni." Ìyá Àgbà dúró, wọ́n ń wo ìyàwó ọmọ wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, ní ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, "Ìyá wo ló ń rán ọmọ níṣẹ́ láìwo ohun tí ọmọ náà fẹ́ gbé?" Màámi ní, "Ẹ má bínú, mà." Nígbà tí Ìyá Àgbà lọ bu omi, mo ní, "Màámi..." Wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ mi. "Dákẹ́," ni wọ́n wí. "O kò gbọ́ tí mo ní èmi ni?"

Bàámi àti èmi gbé ère náà lọ sí apá Apẹ̀tẹ̀, tó ṣì jẹ́ kìkì igbó nígbà náà. Awakọ̀ takisí bèèrè ohun tó wà nínú àpótí, Bàámi ní ìwé ni. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn nìyẹn. A ṣí ilẹ̀kùn àpótí sí ẹ̀bá odò. Ó pẹ́ kí ó tó jáde. Ó ti gùn tó rúlà méjì, ó sì lọ sábẹ́ ewé láìyára. "Kò ṣẹ̀ wá," ni Bàámi wí. "Èmi ni mo ní kí ó wà nílé, èmi ni mo tún ní kò lóró." Wọ́n dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. N kò sọ ọ́.

Nígbà tí Títí padà wálé, àwọn obìnrin ìjọ wa wá bá wa dúpẹ́. Pálọ̀ kún. Wọ́n kọrin, wọ́n gbé Títí láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, wọ́n ń fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀ tó wà nínú báńdéèjì. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè bí ó ti ṣẹlẹ̀, Ìyá Àgbà sì sọ ọ́, wọn kò fi nǹkan kan pamọ́: ìyá ọmọ ló wà nídìí sítóòfù, ìyá ọmọ ló ní kí ó gbé e wá. Gbogbo ojú yí sí Màámi, tí wọ́n ń da omi fún àwọn àlejò. Màámi ẹni tó sọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọ́n tẹríba. "Ọlọ́run ló kó mi yọ," ni wọ́n wí. Mo dìde níbi tí mo jókòó sí. Mo la ẹnu. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, mo ti tò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Àbẹ̀kẹ́," ni Màámi wí, wọn kò gbé ojú kúrò nínú ife tí wọ́n ń da omi sí. "Lọ wo ìkòkò lórí iná."

Mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sẹ́yìn. Kò sí ìkòkò lórí iná. Sítóòfù tutù. Mo dúró tì í, mo ń wò ó, títí àwọn àlejò fi kọ orin ìkẹyìn wọn tí wọ́n sì lọ.